Ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ nínú ìjọ ilé tí oníwàásù rẹ̀ kì í gbé ibẹ̀: báwo ni kí a ṣe tò ó?

Ajíhìnrere Òkè-Ògùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì tí ajíhìnrere arìnrìn-àjò ń ṣe lálẹ́ pẹ̀lú ìjọ kékeré inú ilé ni mo gbé wá. Abúlé oko ni, lápá Òkè-Ògùn. Àwọn tó ń wá tó bíi méjìlá, yàtọ̀ sí àwọn ọmọdé. Kò sí pásítọ̀ tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni oníwàásù lè dé, alẹ́ mẹ́rin ni ó sì wà nílẹ̀ fún un. Pálọ̀ baba onílé ni wọ́n ń lò. Bí ìdajì nínú wọn kò mọ̀wé kà, Bíbélì ọwọ́ àwọn tó kù kò sì bára mu: ti àtijọ́ wà, tuntun wà, ti orí fóònù náà wà.

Ìwé wo ni alẹ́ mẹ́rin lè gbé délẹ̀? Báwo ni kí a ṣe pín àkókò? Kí ni a máa ṣe tí kò fi ní di ìwàásù tí wọ́n kàn ń ṣe àmín sí? Èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹ̀yìn ìrìn-àjò: bí oníwàásù bá ti wọ ọkọ̀ báyìí, wọ́n á pa Bíbélì dé títí tí yóò fi tún dé. Ẹ jọ̀wọ́, ohun tó ṣeé dì mú ni kí ẹ fún mi.

Tíṣà Ìsinmi

Ẹ kú iṣẹ́ ìhìnrere o, Ajíhìnrere. Ìwé Fílípì ni kí ẹ mú. Orí mẹ́rin péré ni, ẹsẹ 104. Irú ìjọ tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ilé Lìdíà, obìnrin tó ń ta aṣọ elésè àlùkò, ni àwọn ará Fílípì ti kọ́kọ́ ń pàdé (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:14, 15 àti 40), oníwàásù tí kò sí lọ́dọ̀ wọn ló sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láti inú ẹ̀wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn ilé Lìdíà fún wọn kí ẹ tó ṣí lẹ́tà náà. Ìyá tí wọ́n ń pàdé nínú ilé rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má pín in ní orí-orí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí ni kí ẹ dúró, nítorí nọ́ńbà orí máa ń gé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí méjì. Alẹ́ àkọ́kọ́, 1:1 sí 26. Alẹ́ kejì, 1:27 sí 2:18. Alẹ́ kẹta, 2:19 sí 3:16. Alẹ́ kẹrin, 3:17 sí 4:23. Èyí tó kúrú jù nínú wọn jẹ́ ẹsẹ 22, èyí tó gùn jù jẹ́ 28. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ kà á sókè, ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ti àkókò, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún ẹni tó ti oko dé. Orin kan àti àdúrà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kí ẹnì kan nínú wọn, kì í ṣe oníwàásù o, tún ẹ̀kọ́ àná sọ, ìṣẹ́jú méje. Kíka ibi tòní lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbéèrè àti ìdáhùn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tí oníkálukú fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àdúrà ìparí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣọ́ orin gidigidi. Bí wọ́n bá ti gbé ègbè tí àtẹ́wọ́ ń lọ, ogún ìṣẹ́jú á ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, inú àkókò ìbéèrè ni yóò sì ti jẹ ẹ́. Bí ìyìn bá ń gbóná lọ́kàn wọn, ẹ fi ti alẹ́ tó kẹ́yìn gùn sí i.

Kíkà ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ni iṣẹ́ gbogbo dúró lé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara jù ni kó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo àwọn tó kù pa Bíbélì wọn dé, kí wọ́n máa gbọ́. Bó bá parí, ẹ ní kí ẹnì kan tí kò mọ̀wé kà sọ ohun tó gbọ́. Ẹ má ṣe àánú rẹ̀ bí ẹni pé kò lè ṣe é. Etí ni ó gbára lé láti ọjọ́ yìí wá, ó sì sábà máa ń rántí ju ẹni tó ń fi ìka tẹ̀ lé ìwé lọ. Bó bá fo ibì kan, ẹlòmíràn lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kó fi ẹsẹ hàn. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn tó mọ̀wé wá kà á ní ẹsẹ méjì-méjì yíká. Ẹni tó bá ń kà á ní ìkọsẹ̀-ìkọsẹ̀, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣí ẹnu kàwé mọ́ nínú ilé yẹn.

Ìbéèrè márùn-ún ti tó, kó sì jẹ́ márùn-ún kan náà lálaalẹ́ kó lè mọ́ wọn lára: Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń bá sọ ọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ tàbí kí ló ní kí wọ́n ṣe? Ọ̀rọ̀ wo ló ń padà wá léraléra? Kí ni ibí yìí kọ́ wa nípa Ọlọ́run àti Jésù Olúwa? Kí ni a máa ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́la? Nínú Fílípì, ìbéèrè kẹta yẹn dùn púpọ̀, nítorí wọ́n á rí i fúnra wọn pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ kò kúrò lẹ́nu ẹni tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe: ẹni tó bá sọ̀rọ̀, a ó bi í pé, “Ẹsẹ kelòó?” Ó mú oníwàásù náà pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti láyà láti bi yín léèrè ẹsẹ kelòó, ẹ yin Olúwa lógo, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn ará Bèríà ṣe fún Pọ́ọ̀lù kò yàtọ̀ sí i (Ìṣe 17:11), wọn kò sì bú wọn nítorí rẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́ níbí. Èkíní, oníwàásù á béèrè, ilé á dákẹ́, ara rẹ̀ á sì gbóná, á dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀. Ẹ dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Ẹ ka ení, èjì nínú ikùn yín dé ogún. Wọ́n ń ronú ni. Èkejì ni baba onílé. Bó bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kò sí ọmọ tàbí ìyàwó tí yóò sọ ohun tó yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ lọ bá baba ní ìdákọ́ńkọ́ kí alẹ́ tó lẹ́, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ wí fún wọn pé, “Bàbá, àgbà ló ń gba ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ tiwọn tán, kí ẹ wá bá wa dì í.” Kò sí àgbà Yorùbá tí yóò bínú sí ìyẹn.

Màmá Ìjọ Ilé

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì ni kì í ṣe Èṣù ló dà á rú, ìjókòó àti iná ni.

Ẹ jókòó yíká. Bí ẹ bá to àga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù ni wọn yóò máa retí. Bí àga kò bá tó, kí gbogbo yín jókòó sórí ẹní tàbí bẹ́ńṣì, oníwàásù náà kó wà lórí irú ìjókòó kan náà. Ẹni tó mọ̀wé kà kan, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà kan, báyìí ni kí ẹ ṣe tò wọ́n, kí Bíbélì kan wà láàárín ẹni méjì.

Iná: ẹ má gbé e sáàárín lórí ilẹ̀ tí yóò máa tàn sí wọn lójú. Ẹ gbé e kọ́ sókè, lẹ́yìn èjìká àwọn tó ń kàwé. Àtùpà onísólà méjì sàn ju ńlá kan lọ, nítorí bí ọ̀kan bá kú, ẹ̀kọ́ kò ní dúró. Kí ẹnì kan máa sá wọn sóòrùn láti àárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, èsúnsún yóò ya bo iná. Ẹ pa iná inú ilé fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé iná kan síta, kí ẹ fi abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò rọ́ lọ, ẹ ó sì rí àyè kàwé. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ní, ẹ jọ̀wọ́, kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Kó jìnnà sílé dáadáa, ibi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín padà wọlé. Àmọ́ ariwo rẹ̀ máa ń bo ohùn àwọn obìnrin mọ́lẹ̀, nítorí náà sólà ló dáa jù.

Bí òjò bá ń lu páànù, ẹ má pariwo kàwé lé e lórí. Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Kí wọ́n pín ara wọn sí méjì-méjì, kí wọ́n máa kọ́ ẹsẹ àkọ́sórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ara wọn títí yóò fi dá.

Àwọn ọmọdé: kí ìyá kan mú wọn lọ sí igun kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìbéèrè yẹn, kó sọ ìtàn kan náà fún wọn. Kó jẹ́ ìyá méjì tó ń gbà á ṣe, kí ọ̀kan má pàdánù ẹ̀kọ́ lálaalẹ́. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ìyá kejì lè máa rí wọn láti ibi tó jókòó.

Ìgbà wo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, ọkàn àwọn obìnrin yóò wà lórí iná. Bí ó bá ṣe agbo ilé tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí ìrun Màgàríbì tán kí ẹ tó gbé orin, kí ẹ sì wà lẹ́nu ìwé kíkà, tí kò ní ariwo, nígbà tí wọ́n bá ń pe Íṣáì. Ẹ má gbé gbohùngbohùn wọ pálọ̀. Èèyàn méjìlá kò nílò rẹ̀, aládùúgbò tí ẹ kò jẹ́ kó sùn kò sì ní wá gbọ́ ìhìnrere yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ kí baálẹ̀, kí ẹ sì rí i pé olórí agbo ilé fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tó pè yín nìkan.

Ẹ má sì bínú sí ẹni tó bá tòògbé. Yútíkù sùn lọ níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀, ó já bọ́ láti àjà kẹta (Ìṣe 20:9), Pọ́ọ̀lù kò bá a wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbá a mọ́ra ni.

Alàgbà Ìbàràpá

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ alẹ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Ajíhìnrere kò sọ ti ọjà fún wa, ọjà ló sì ń darí abúlé.

Bí ọjà ibẹ̀ bá jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún bí a ti ń kà á nílẹ̀ wa, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ọjà méjì. Kò sí bí ẹ ó ṣe mú alẹ́ mẹ́rin tẹ̀ léra tí ọjọ́ ọjà kò ní bọ́ sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin á pẹ́ kí wọ́n tó dé, á sì rẹ̀ wọ́n. Òru ọjà ku ọ̀la, wọ́n ń yan gàrí, wọ́n ń di ẹrù. Bí wọn kò bá wá, àwọn oníwàásù kan á ní ìfẹ́ Ọlọ́run ti tutù lọ́kàn wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹrù ló wà nílẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí oníwàásù bá ọkọ̀ ọjà wọlé. Ọ̀pọ̀ abúlé ni ọkọ̀ kì í dé dáadáa bí kò ṣe ọjọ́ ọjà, owó ọkọ̀ á sì dín kù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, kó kí wọn, kó jẹun, kó sùn. Alẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀kọ́, kí ti ẹ̀ẹ̀kẹta kúrú nítorí ẹrù ọjà. Lọ́jọ́ kẹrin, kó bá ọkọ̀ ọjà padà. Bó bá jẹ́ ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ni, àyè á gbà yín sí i. Ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ọjà wọn, kí ẹ fi kàlẹ́ńdà Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. “Ọjọ́ Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù” yóò bọ́ sí ọjọ́ ọjà lóṣù kan, kò ní bọ́ sí i lóṣù kejì, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí èrò fi ń pọ̀ tó tún ń dín.

Ìgbà kórè kájú náà, ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè, ẹ má dá wọn lóró. Ẹ lè fi ìdájí rọ́pò alẹ́ kan: aago márùn-ún àárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ibi kíkà kan, ìbéèrè méjì, kí wọ́n máa lọ sóko.

Tíṣà Ìsinmi

Alàgbà, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, mo gba alẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo bó ṣe bọ́ sí i. Mo lè sọ pé kí a fún Fílípì pọ̀ sí mẹ́ta: 1:1 sí 2:11, 2:12 sí 3:21, àti orí kẹrin. Ṣùgbọ́n èkíní á jẹ́ ẹsẹ 41, èkejì 40. Ó ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń fi etí gbọ́.

Ohun tí mo rò pé ó dáa jù ni pé kí oníwàásù ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ bí mo ṣe pín in tẹ́lẹ̀, kó fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀. Kó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. 3:17 sí 4:23 ni kí ìjọ náà kà fúnra wọn lọ́sẹ̀ tí oníwàásù bá lọ, ìbéèrè márùn-ún kan náà, òfin ẹsẹ kelòó kan náà. Ìyẹn á dáhùn ohun tó ká Ajíhìnrere lára jù. Lẹ́tà tí wọn kò tíì kà tán á máa pè wọ́n. Èyí tí ẹ bá ti kà tán fún wọn, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣí i fún?

Ó sì dáa pé apá yẹn gan-an ni oníwàásù kò ní sí níbẹ̀. Láti 4:10 lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tí ìjọ fi ránṣẹ́ sí oníwàásù arìnrìn-àjò ni. Bí oníwàásù bá jókòó láàárín wọn tó ń ṣàlàyé ìyẹn, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó, etí tí wọ́n á fi gbọ́ ọ yàtọ̀. Bí wọ́n bá sì dé 4:2, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bẹ Yúódíà àti Síńtíkè kí wọ́n ṣe ọ̀kan, ẹ kìlọ̀ fún adarí kó má wo ojú àwọn obìnrin méjì tó ń bára wọn jà nínú ilé. Kó ka ẹsẹ kẹta mọ́ ọn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti jẹ́rìí pé wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ ìhìnrere.

Oníwàásù Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ Tíṣà yẹn ni kókó. Àmọ́ ẹ kò lè fi ìwé lé ẹni tí kò rí i kí wọ́n ṣe é rí lọ́wọ́. Báyìí ni kí ẹ ṣe fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ láàárín alẹ́ mẹ́ta. Ẹni méjì ni kí ẹ mú, ọkùnrin kan àti obìnrin kan bó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan nínú wọn ó kéré tán mọ̀wé kà. Kí ó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, nítorí bí àìsàn bá dá a dúró, ilé á túká. Alẹ́ àkọ́kọ́, oníwàásù ló ń darí, àwọn méjèèjì ń wò ó. Alẹ́ kejì, oníwàásù ń béèrè ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, àwọn ni kó béèrè mẹ́ta tó kù. Alẹ́ kẹta, àwọn ni kó darí gbogbo rẹ̀, oníwàásù á jókòó bí ẹni tó wá kọ́ ẹ̀kọ́. Kó má gbà á lọ́wọ́ wọn bó ti wù kó wọ́ tó. Bí gbogbo èèyàn bá ti lọ, kó pè wọ́n, kó yìn wọ́n fún ohun kan pàtó, kó tún ohun méjì péré ṣe. Bó bá tún mẹ́wàá ṣe, wọn ò ní gbà á mọ́.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kì í ṣe ìwàásù. Wọ́n ń kà, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń pa àkókò mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kedere, ẹ̀rù á sì kúrò lára wọn. Ìbéèrè tí wọn kò bá lè rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ibi tí wọ́n kà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ de oníwàásù.

Ẹ ra ìwé kan bíi ti ọmọ iléèwé fún ilé náà. Ojú ewé kan fún ìpàdé kan: déètì, àwọn tó wá, ibi tí a kà, ohun tí a ní a máa ṣe, ìbéèrè tó kù. Bí oníwàásù bá padà dé, ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ kà kó tó múra ẹ̀kọ́ tuntun. Láàárín oṣù, kó pe àwọn adarí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó béèrè ohun tí wọ́n rí nínú ẹsẹ. Kó má máa fi ìwàásù gígùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìgbà tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, wọn kò ní ṣí Bíbélì mọ́. Bíbélì tí wọ́n kà sílẹ̀ ní Yorùbá ni kó kó sórí fóònù wọn kó tó lọ, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, fún àwọn tí kò mọ̀wé kà.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní Bristol ní 1742, àwọn Mẹ́tọ́díìsì pín ara wọn sí kíláàsì, bí èèyàn méjìlá sí ọ̀kan, olórí kíláàsì ń yí dé ọ̀dọ̀ wọn láti gba pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ fún gbèsè ilé ìjọsìn. Kò pẹ́ tí John Wesley, aṣáájú wọn, fi rí i pé àwọn olórí yẹn ló mọ bí nǹkan ṣe rí fún ọkàn oníkálukú. Oníwàásù ń lọ, oníwàásù ń bọ̀. Kíláàsì kò kúrò lójú kan. Nígbà tí Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, irú ètò yẹn ni ìjọ tó rán an ti ń lò.

Ó ku ti owó, ibùsùn àti àwọn tó fẹ́ rí wòlíì.

Ibùsùn: ilé kan ni kí oníwàásù máa dé sí títí yóò fi lọ. Olúwa ló ní kí a má máa ti ilé dé ilé (Lúùkù 10:7). Ẹni tó bá jẹun níhìn-ín lónìí, lọ́hùn-ún lọ́la, ó ti gbé ọbẹ̀ ìyá kan wọn ìkejì.

Owó: bí ọrẹ bá wà, ẹni méjì ni kó kà á lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kó wà lọ́wọ́ ará ilé. Owó ọkọ̀ oníwàásù, kí wọ́n sọ iye rẹ̀ síta. Pọ́ọ̀lù kò gbé owó dání láìsí ẹlẹ́rìí (Kọ́ríńtì Kejì 8:19 sí 21). Ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Didache, tí àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí fi ń tọ́ ara wọn, sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé oníwàásù àlejò tó bá béèrè owó, wòlíì èké ni. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, Jòhánù Kẹta ẹsẹ 5 sí 8 ní kí ìjọ sin irú àlejò bẹ́ẹ̀ sọ́nà bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn adarí ka ibẹ̀ fún wọn.

Àwọn tó fẹ́ rí wòlíì: nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run dé, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ fún ìran àti àlá, á di ọ̀gànjọ́, ọjọ́ kejì ìran nìkan ni wọn yóò máa bọ̀ wá gbà. Ẹ fi ìgbàníyànjú sí òwúrọ̀, ní gbangba ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹnì kẹta jókòó tì yín, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ gbàdúrà fún aláìsàn pẹ̀lú gbogbo ọkàn yín, kí ẹ sì rí i pé ó dé ìlé ìwòsàn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu yín pé kó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró.

Ajíhìnrere Òkè-Ògùn

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni tiwọn lóòótọ́, alẹ́ mẹ́ta ni mo máa mú. Ó ku nǹkan méjì. Ọ̀rọ̀ Bíbélì tí kò bára mu ńkọ́? Àti pé ìjọ tí wọ́n ti wá yàtọ̀: Áńgílíkà wà, Onítẹ̀bọmi wà, CAC wà, Kérúbù wà. Bí ìjiyàn bá dé ńkọ́?

Akàwé Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bíbélì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn: Bíbélì Mímọ́ àtijọ́, tó ti inú iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tí odidi rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní 1884; Ìròyìn Ayọ̀; àti ti Yorùbá Òde Òní. Ẹ yan ọ̀kan fún kíkà sókè, kí ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìwé kan. Bí àwọn àgbà bá pọ̀, ti àtijọ́ ni kó jẹ́ ti kíkà àkọ́kọ́, nítorí inú rẹ̀ ni ẹsẹ tí wọ́n ti mọ̀ sórí wà. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan ka ti Òde Òní tàbí Ìròyìn Ayọ̀ láti fi là á yé, bí àwọn ọmọ Léfì ṣe kà á ketekete tí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà ayé Nehemáyà (8:8). Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ẹnì kan á rí i pé ẹsẹ kan kò sí nínú tirẹ̀, á ní wọ́n ti yọ Bíbélì kúrò nínú Bíbélì. Ìṣe 8:37 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tuntun máa ń gbé e sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ fi ìsàlẹ̀ ojú ìwé hàn án. Fílípì kò ní irú ìṣòro yẹn tó bẹ́ẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn.

Ní ti ìjiyàn, ẹ múra sílẹ̀ láti ẹsẹ àkọ́kọ́. 1:1 dárúkọ bíṣọ́ọ̀pù àti díákónì nínú Bíbélì àtijọ́, ẹ̀yin méjìlá sì lè fi gbogbo alẹ́ jà lórí oyè ìjọ. Ní 2:12, níbi tó ti ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ ìgbàlà wọn yọrí, ẹnì kan á béèrè bóyá ìgbàlà lè bọ́. Ẹ bi wọ́n pé ẹsẹ kelòó ló dáhùn rẹ̀ nínú ibi tí a kà lónìí. Bí ó bá wà níbẹ̀, bíi ti ẹsẹ 13 tó tẹ̀ lé e, ẹ jókòó tì í, kí ẹ má kánjú. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ilé náà.

Àwọn tí ẹ bá kọ sílẹ̀ yẹn, ẹ má gbàgbé wọn. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa padà, kí ọkọ̀ ọjà tó kún, kí ẹ ka gbogbo ibi tí Bíbélì ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún wọn, kí ẹ sọ ohun tí ìjọ kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́ láìbu ìkankan kù. Ìrìbọmi ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ ti kó àwọn ibi kíkà rẹ̀ dání láti ilé.